Owó Igi Tí Wọ́n Ń Dá Padà Ní Maryland, Àti Èyí Tí Wọ́n Fi Lu Ẹ̀gbọ́n Wa Ní Jìbìtì

(Ọ̀rọ̀ ohùn mẹ́rin tí ádímínì fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù lálẹ́ ọjọ́ Sunday. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò gbé ohùn, àti àwọn tí ariwo ọjà kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ dáadáa.)

OHÙN KÌÍNÍ

Èmi ádímínì yín ni, èmi aláńkárá Sabon Gari. Mo mọ̀ pé láti ọjọ́ Wednesday ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń retí kí n sọ̀rọ̀. Mo dákẹ́ nítorí mo fẹ́ gbọ́ àgbọ́yé kí n tó la ẹnu mi. Mo pe àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà lánàá, a sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀, mo ní kó ṣàlàyé fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Ohun tó sọ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹ̀bi tèmi.

Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ owó igi wọ inú gúrúùpù yìí. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, àbúrò mi fi fọ́tò igi kan tó gbìn sí iwájú ilé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó ní ìjọba ibẹ̀ ti dá owó igi náà padà fún òun. Ó yà mí lẹ́nu. Mo fi fọ́tò náà síbí, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wo ìlú tí ìjọba ti ń sanwó fún ẹni tó gbin igi." Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ pàtẹ́wọ́, àwọn kan ní àwọn náà máa gbin igbó. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹnì kan fọ́wáàdì àtẹ̀jíṣẹ́ wá, pé ìjọba àpapọ̀ máa san ₦50,000 fún ẹnikẹ́ni tó bá gbin igi ìbílẹ̀ kan sí ilé rẹ̀, kí èèyàn tẹ líǹkì, kí ó sì san ₦2,500 owó fọ́ọ̀mù. Mo rí i, mi ò pa á rẹ́. Oníbàárà wà níwájú mi, mo ń wọn aṣọ lọ́wọ́, mo ní n óò padà wò ó. Mi ò padà wò ó mọ́.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan tó ń ta èlò ọbẹ̀ rí i. Ó ní ohun tó wá sí òun lọ́kàn ni pé, "Ṣebí ádímínì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òótọ́ ni." Ó san ₦2,500. Wọ́n pè é lórí fóònù, ọkùnrin kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó ń pè é ní Màmá, ó béèrè nọ́ńbà àkáùntì tí owó máa wọ̀. Ó fún un. Ó ní nọ́ńbà mẹ́fà kan máa wọlé sórí fóònù Màmá báyìí, kí Màmá pè é jáde kí àwọn fi lè ṣí owó náà sílẹ̀. Màmá pè é. ₦86,000 ló jáde lójú ẹsẹ̀. Owó tó fẹ́ fi ra ata gbígbẹ lọ́sẹ̀ yẹn ni. Áláàtì ìjáde owó ló kọ́kọ́ rí, ó tiẹ̀ rò pé owó ló wọlé, ó ń dúpẹ́.

Ó fún mi láṣẹ kí n sọ ọ́, ó ní kí n má dá orúkọ òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá a kiri.

Èmi ò kàn fẹ́ máa sọ pé "ẹ ṣọ́ra, ẹ ṣọ́ra". Ẹ ti gbọ́ ìyẹn sú. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n ṣàlàyé bí ojúlówó rẹ̀ ṣe rí, torí nínú òwò tèmi, ẹni tó bá ti fọwọ́ pa ojúlówó ànkárá wò dáadáa, kò sẹ́ni tó lè ta ayédèrú fún un lójú ọ̀sán. Ìdí kejì ni pé ojúlówó náà wà lóòótọ́, àwọn ọmọ yín tó ti ra ilé níbẹ̀ lè gbà á, púpọ̀ nínú wọn ò sì mọ̀.

OHÙN KEJÌ

Ẹ má bínú, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni ẹ̀ ń gbọ́ yẹn.

Prince George's County ni àbúrò mi ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Maryland, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Washington tó jẹ́ olú ìlú Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n ń pè ní County dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, àfi pé tiwọn lówó lọ́wọ́. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Nínú gúrúùpù yìí nìkan, mo ka èèyàn mẹ́jọ tí ọmọ wọn tàbí àbúrò wọn wà ní Maryland.

Mo bi í pé, "Kí ló kan ìjọba nínú igi iwájú ilé rẹ?" Ó ní, "Àǹtí mi, òjò ni."

Ó ní omi ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Chesapeake Bay, ibi tí wọ́n ti ń pa akàn àti ẹja, tí gbogbo odò agbègbè náà ń ṣàn lọ. Òjò tó bá rọ̀ sórí òrùlé, sórí kọnkéré àti ojú títì kì í ráàyè wọ ilẹ̀. Á gbá epo mọ́tò, á gbá ajílẹ̀ tí wọ́n dà sí koríko, á gbá ìgbẹ́ ajá, á kó gbogbo rẹ̀ gba ojú gọ́tà lọ sínú odò, odò á sì gbé e lọ sínú Bay náà. Bí igi bá wà, ewé rẹ̀ á kọ́kọ́ gba òjò yẹn dúró, gbòǹgbò rẹ̀ á la ilẹ̀ kí omi lè wọlé, igi náà fúnra rẹ̀ á sì mu nínú rẹ̀. Ìjọba wò ó pé kí àwọn máa gbẹ́ gọ́tà ńlá ńlá kiri, ó sàn kí àwọn fún onílé lówó díẹ̀ kí àgbàlá rẹ̀ máa mu omi tirẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kano ní 2022, ẹ rántí bí omi òjò ṣe wọ Kantin Kwari. Ẹ rántí bí a ṣe ń sá aṣọ tó ti rẹ. Ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún yín ohun tí omi ń ṣe níbi tí gbogbo ilẹ̀ bá ti di kọnkéré, tí ìdọ̀tí sì dí gọ́tà.

Kí ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ ni o. Ní 2012, Maryland ṣe òfin pé kí àwọn County ńlá máa gba owó lọ́wọ́ onílé nítorí omi òjò tó ń ṣàn láti orí òrùlé àti kọnkéré wọn. Àwọn aráàlú bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sọ ọ́ ní owó orí òjò. Àbúrò mi ń san tirẹ̀ lọ́dọọdún pọ̀ mọ́ owó orí ilé. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba bá fún un ní owó igi, kò pè é ní ẹ̀bùn. Ó ní, "Wọ́n ti gba tèmi kí wọ́n tó fún mi."

Ọ̀nà tí ìrànlọ́wọ́ igi gbà ń wọlé níbẹ̀ kò sì jẹ́ ọ̀kan. Ibi tí èmi fúnra mi ti ṣì í gbọ́ tẹ́lẹ̀ nìyí.

Èyí tí ìpínlẹ̀ Maryland fúnra rẹ̀ ń ṣe, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2009, ẹ̀dínwó lásán ni. Marylanders Plant Trees ni wọ́n ń pè é. Èèyàn á gba ìwé kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta igi, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tó bá wọn ṣe é. Bí igi náà bá tó 50 dọ́là sókè, tí ó sì wà nínú àwọn igi tí wọ́n fọwọ́ sí, wọ́n á yọ 25 dọ́là kúrò lójú ẹsẹ̀. Kò sí pé o ń dúró de owó kankan, o ti jẹ ẹ́ níbi ìdúnàádúrà.

Ní Montgomery County tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ìjọba ní ètò Tree Montgomery. Wọ́n á wá wo àgbàlá rẹ, bí àyè bá wà, wọ́n á gbin igi tó ń ṣe ìbòòji síbẹ̀ fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Omi ni tìrẹ láti máa bu sí i.

Ti Prince George's ni ti àbúrò mi, orúkọ rẹ̀ ni Rain Check Rebate. County àti àjọ kan tó ń jẹ́ Chesapeake Bay Trust ni wọ́n jọ ń ṣe é. Igi nìkan kọ́ ni wọ́n ń sanwó fún. Ẹni tó gbé àgbá sábẹ́ òrùlé láti gbe òjò wà níbẹ̀, ẹni tó hú kọnkéré kúrò nílẹ̀ wà níbẹ̀. Ti igi, wọ́n ń san títí dé 150 dọ́là lórí igi kan. Èyí ni owó àdápadà gan-an. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ ná owó ara rẹ, o máa ra igi, o máa gbìn ín, o máa kó ẹ̀rí sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni owó á wá bá ọ.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ṣì ń bọ̀ wá bá a.

OHÙN KẸTA

Àbúrò mi sọ fún mi pé òun kọ́kọ́ pàdánù owó nínú ọ̀rọ̀ yìí, àìkàwé òun ló sì fà á. Ó rí igi kan tó ń yọ òdòdó funfun báláú lójú ọ̀nà, gbogbo àdúgbò ló ní in, ó lọ ra irú rẹ̀ ní 90 dọ́là, ó gbìn ín. Callery pear ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó wá ṣí ìwé àwọn igi tí wọ́n fọwọ́ sí, kò sí níbẹ̀. Kò lè sí níbẹ̀. Igi ilẹ̀ China ni, ó sì ti ń ya wọ inú igbó wọn kiri, ó ń lé àwọn onílé jáde. Ohio àti Pennsylvania tiẹ̀ ti fòfin de títà rẹ̀. 90 dọ́là wọ ilẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń tẹnu mọ́ igi ìbílẹ̀? Ó ní kòkòrò ni. Kòkòrò ibẹ̀ mọ ewé igi ibẹ̀, òun ló ń jẹ, púpọ̀ nínú wọn kò lè jẹ ewé àjèjì. Ẹyẹ sì ń fi kòkòrò bọ́ ọmọ. Igi óákù nìkan, ìdin oríṣi tó lé ní 500 ló ń jẹ ewé rẹ̀ ní agbègbè wọn. Ẹni tó bá gbin àjèjì igi, ìbòòji ló gbìn, oúnjẹ ẹyẹ kì í pọ̀ níbẹ̀. Èyí tó wá gbìn lẹ́yìn náà ni white oak, óákù funfun, òun gan-an ni igi àmì ìpínlẹ̀ Maryland láti 1941. Òun ló wà nínú fọ́tò tí mo fi hàn yín.

Nǹkan kan tún pa wá lẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n ní igi kan tó ń jẹ́ pawpaw tó jẹ́ ìbílẹ̀ wọn. Mo ní, "Ìbẹ́pẹ ni ìbílẹ̀ òyìnbó?" Ó ní rárá o, orúkọ nìkan ló jọra, igi ọ̀tọ̀ ni, èso rẹ̀ ń dùn bíi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ̀ mọ́ máńgòrò. Torí náà bí ọmọ yín bá rí pawpaw nínú ìwé wọn, kó má lọ gbin kóró ìbẹ́pẹ ìyá rẹ̀ sínú òtútù.

Àwọn tó bá mi jiyàn lọ́jọ́sí pé dógóyárò ni igi ìbílẹ̀ tiwa ní Kano, ẹ jọ̀ọ́, India ni wọ́n ti gbé dógóyárò wá. India náà ni máńgòrò ti wá, Brazil ni kajú ti wá. Èyí tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni igi òrí, igi irúgbá, igi oṣè tí wọ́n ń pè ní kuka níbí, àti tsamiya. Ó yà mí lẹ́nu bí àwa tí à ń fi irú se ọbẹ̀ lójoojúmọ́ kò ṣe mọ igi irú lójú mọ́.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí bó ṣe gba owó náà, torí ibẹ̀ ni ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ níbẹ̀ ti máa fẹ́ gbọ́ dáadáa.

Ó ní kí èèyàn má ra ohunkóhun kó tó ka ìwé ètò náà tán, kó sì béèrè bóyá wọ́n fẹ́ kó kọ́kọ́ gbàṣẹ. Wọ́n máa sọ irú igi tí wọ́n ń fẹ́, wọ́n máa sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó lọ́jọ́ tí o rà á. Ọmọ igi tó ga tó ìka ọwọ́ kò lè gba owó yẹn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ti County fúnra rẹ̀ ni kó ti wọlé, ibi tí àdírẹ́sì ti parí sí .gov, kí ó má tẹ líǹkì tí ẹnì kan fi ránṣẹ́.

Bí ilé náà bá wà nínú ẹ̀ka ilé tí ẹgbẹ́ onílé ń ṣàkóso, tí wọ́n ń pè ní HOA, kó kọ lẹ́tà sí wọn kó tó gbẹ́lẹ̀. Àwọn yẹn lè ní kó hú u. Mi ò mọ irú ìlú tí aládùúgbò ti ń pàṣẹ lórí igi ẹni, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló wà.

Lẹ́yìn náà ni 811. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, torí ó ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀, ì báà jẹ́ iwájú ilé rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ pe nọ́ńbà 811 ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á wá fi ọ̀dà àti àsíá kékeré sàmì sí ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀: yẹ́lò fún gáàsì, pupa fún iná mànàmáná, búlúù fún omi, ọsàn fún tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì. Àbúrò mi ti gbé ṣọ́bìrì jáde kó tó rántí, ìyàwó rẹ̀ ló dá a dúró. Ó pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n wá, ìlà yẹ́lò kọjá gan-an níbi tó fẹ́ gbẹ́. Páìpù gáàsì ló wà níbẹ̀. Ó fi ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sún igi náà sí ọ̀tún. Mo dákẹ́ lórí fóònù fún ìgbà díẹ̀ nígbà tó sọ ìyẹn fún mi, torí kò sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tó fi fọ́tò ránṣẹ́.

Ti rìsíìtì: ó ní kí wọ́n kọ orúkọ igi náà sí i ní kíkún, bó ṣe tóbi, ọjọ́ tí o rà á, àti iye tí o san. Rìsíìtì tí wọ́n kàn kọ "tree" sí, wàhálà ni. Wọ́n kọ́kọ́ fún un ní irú rẹ̀, ó dá wọn dúró lórí káńtà pé kí wọ́n tún un kọ. Mo ní, "Ọmọ ìyá mi ni ọ́ lóòótọ́." Ẹ̀yin oníbàárà mi mọ̀ pé bí mo bá kọ rìsíìtì, mo máa ń kọ iye ọ̀pá àti orúkọ aṣọ.

Ti fọ́tò: kó ya ojú ilẹ̀ náà kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, kó ya igi náà lẹ́yìn tí wọ́n gbìn ín tán, kí ilé hàn nínú rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé ibẹ̀ ni.

Bí wọ́n ṣe ń gbìn ín náà ṣe pàtàkì, torí igi tó kú kò ní owó. Ihò náà á fẹ̀ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ibi gbòǹgbò, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ jìn ju bí gbòǹgbò náà ṣe ga lọ. Àwọn èèyàn máa ń rì í wọlẹ̀ bí ẹni ń rìn òpó iná, ó máa ń kú. Èèpo igi tí wọ́n ń dà yí i ká, kó má kan ara igi, kó rí bí òṣùká, kí àárín rẹ̀ ṣófo. Ìgbà tí ewé ń wọ́ tàbí ìgbà tí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ ló dáa jù láti gbìn ín níbẹ̀. Tiwa níbí, ìgbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ ni.

Ó fi gbogbo ẹ̀rí náà ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Ẹnì kan wá láti County, ó wo igi náà, ó wọ̀n ọ́n, ó lọ. Ó tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí ṣẹ́ẹ̀kì tó dé. Igi náà jẹ́ 135 dọ́là, 135 dọ́là ni wọ́n fún un. Kò sí èrè kankan níbẹ̀. Bí ẹ bá ka epo mọ́tò àti òógùn rẹ̀, ó tiẹ̀ pàdánù.

OHÙN KẸRIN

Ẹ wá fi ti ẹ̀gbọ́n wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àbúrò mi san owó fún ẹni tó ń ta igi, ó sì gbé igi lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n wa san owó fún fọ́ọ̀mù, kò sì sí igi kankan níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í pé igi wo ló gbìn. Kò sẹ́ni tó béèrè rìsíìtì tàbí fọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ní òun ń bọ̀ wá wò ó. ₦50,000 lórí igi tí ẹnì kankan kò rí! Bí ẹnì kan bá wá ṣọ́ọ̀bù yín, tó ní òun máa san owó aṣọ tí òun ò rí, tí òun ò wọ̀n, tí òun ò fọwọ́ kàn, ṣé ẹ ò ní fura?

Owó àdápadà, ohun tí o ti ná ni wọ́n ń dá padà. Ẹni tó bá ní kí o san nǹkan kan kí òun tó fún ọ lówó ìjọba, kò ní nǹkan tó fẹ́ dá padà fún ọ, torí o ò tíì ná nǹkan kan.

Ti nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ńkọ́, OTP ni wọ́n ń pè é. Kọ́kọ́rọ́ ilé owó ni. Ẹni tó fẹ́ fi owó sí àkáùntì rẹ kò nílò rẹ̀, nọ́ńbà àkáùntì àti orúkọ ti tó o. Ẹni tó fẹ́ mú owó jáde ló nílò rẹ̀. Báńkì rẹ gan-an kò ní béèrè rẹ̀ lórí fóònù, wọn ò sì ní béèrè PIN. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ ọjà yín pẹ̀lú, torí àwọn ló máa ń di fóònù yín mú.

Ẹnì kan bi mí nínú ìkọ̀kọ̀ pé, ṣebí ìjọba àpapọ̀ ní àjọ tó ń gbin igi ní òkè Ọya níbí. Bẹ́ẹ̀ ni, Great Green Wall ni wọ́n ń pè é, òfin ló dá a sílẹ̀ ní 2015, ìpínlẹ̀ 11 ló kàn, Kano wà níbẹ̀, Jigawa wà níbẹ̀, Katsina, Sokoto, títí dé Borno. Aṣálẹ̀ tó ń sún bọ̀ ni wọ́n ń gbógun tì. Ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ àti ti abúlé ni iṣẹ́ wọn wà. Iṣẹ́ yẹn kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọkùnrin tó ń pe Màmá lórí fóònù. Àwọn ọlọ́gbọ́n jìbìtì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n máa ń wá nǹkan tó jẹ́ òótọ́, wọ́n á so irọ́ mọ́ ọn lẹ́yìn. Òótọ́ tí wọ́n rí lo nínú gúrúùpù yìí, èmi ni mo fi sílẹ̀ fún wọn.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ẹ má dúró kí ojú tì yín. Ẹ pe báńkì lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n ti àkáùntì náà pa, ẹ gba báńkì lọ pẹ̀lú ẹ̀rí tó wà lórí fóònù, ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹ̀gbọ́n wa dúró fún ọjọ́ méjì kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ méjì yẹn ló dùn mí jù. Nígbà tó fi máa dé báńkì, owó náà ti gba àkáùntì mẹ́ta kọjá.

Ohun tí mo fẹ́ ká ṣe nìyí. Láti òní lọ, àtẹ̀jíṣẹ́ kankan tó bá jẹ mọ́ owó ìjọba, owó ìrànlọ́wọ́, owó igi, owó òjò, ẹ fi ránṣẹ́ sí èmi tàbí akọ̀wé kẹ́ ẹ tó fi síbí. Bí mo bá wà níwájú oníbàárà, ẹ pè mí. Mo ti sọ fún akọ̀wé kó lè pa nǹkan rẹ́ láì bi mí.

Ní ti ₦88,500 tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wa, ₦86,000 pẹ̀lú ₦2,500 owó fọ́ọ̀mù, mi ò lè sọ pé kò kàn mí. Mo ti fi ₦30,000 lélẹ̀ lọ́wọ́ akápò láti àpò ara mi. Ẹni tó bá fẹ́ fi kún un, kó rí akápò, kì í ṣe dandan, a ò ní ka orúkọ ẹnikẹ́ni. Mi ò sì fẹ́ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ojúkòkòrò ló ṣe é. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tó fẹ́ fi owó náà ṣe. Ó ní igi òrí ni òun fẹ́ gbìn sí ẹ̀yìn ilé tí òun ń kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí àwọn ọmọ ọmọ òun lè rí i bí òun ṣe rí i lọ́dọ̀ ìyá òun àgbà. Igi ló wà lọ́kàn rẹ̀ lóòótọ́. Mo ti ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà nílé wá ọmọ igi òrí fún un kí òjò tó dé.

Àwọn tí ọmọ wọn wà ní Maryland, ẹ fi orúkọ County tí ọmọ yín wà ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, torí bí ẹ ṣe gbọ́ ọ yẹn, County kan kò bá èkejì dọ́gba. Àbúrò mi ti gbà láti bá wọn sọ̀rọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ìyá tó bi mí bóyá ọmọ òun tó ń háyà ilé lè ṣe é, onílé ló ni ilẹ̀, onílé ni kó fọwọ́ sí i ná.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi fọ́tò igi ránṣẹ́ síbí lálẹ́ yìí o, dátà mi ti fẹ́ tán. Ó di ìpàdé ọjọ́ Sunday tó ń bọ̀.